Káàdì Tó Ń Dá Owó Epo Padà

Olúyẹ́misí yan káàdì tó ń dá owó epo padà, ó sì fi èyí tí èlé rẹ̀ kéré sílẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ló yàn án, ní yàrá àwọn olùkọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti ń kọ́ni ní ìlú Oǹdó. Àwọn aṣojú ilé ìfowópamọ́ kan ló wá, tí wọ́n tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì. Káàdì àwìn ni méjèèjì: ènìyàn á kọ́kọ́ ná owó báǹkì, á sì san án padà lẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀bùn kankan, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ kò pọ̀. Ti èkejì ní èlé tó ga, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ra epo ọkọ̀ yóò gba náírà mẹ́wàá padà lórí ọgọ́rùn-ún. Àkúrẹ́ ni Olúyẹ́misí ń gbé, ní Òkè-Àró. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ló ń wakọ̀ lọ sí Oǹdó láàárọ̀, tó sì ń wakọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ka ìwé kejì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbà pé òun gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje ọdún yìí, nígbà tí aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán, fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Àkọ́kọ́ sọ pé owó oṣù rẹ̀ ti wọlé, ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́sàn-án náírà. Èkejì sọ pé ilé ìfowópamọ́ ti yọ ẹgbẹ̀rún mọ́kànléláàádọ́jọ nínú rẹ̀ nítorí gbèsè káàdì. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún.

Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó tún un kà. Ìníolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń bẹ iṣu tuntun sínú abọ́.

"Mọ́mì, ẹyin méjì ló kù. Ṣé kí n dín in?"

"Fi sílẹ̀. Se iṣu, ká fi epo pupa jẹ ẹ́."

"Ṣé owó oṣù ò tíì wọlé ni?"

"Ó ti wọlé."

Ìníolúwa dá ọ̀bẹ dúró. "Ó ti wọlé, epo pupa la sì máa fi jẹ iṣu?"

Ìyá rẹ̀ bu omi sínú ìkòkò, ó sì gbé e ka iná. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Ìníolúwa, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ sì ti gbà á wọlé. Oṣù kẹwàá ni wọn yóò san owó ìwé rẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí owó náà ti lè jáde bí kò ṣe oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, pé bí òjò bá rọ̀ báyìí, èso kòkó a máa dúdú lórí igi, pé bí wọn kò bá fín òògùn sí i lásìkò, kò sí ohun tí wọn yóò kó nígbà ìkórè. Owó oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ fi fín in.

Fóònù tún dún. Dúrótoyè, ọkọ rẹ̀, ló pè. Oko ló sùn.

"Ìyá Ìní, ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ń kọ́?"

"Àwọn afínko ti dé. Iredélé ló kó wọn wá, ọkùnrin mẹ́rin, wọ́n ti ń po omi. Ṣé owó oṣù ti wọlé?"

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dára. Mo máa pè yín."

"Kó má kọjá aago méjì o. Ẹgbẹ̀rún àádóje ni gbogbo rẹ̀, òògùn àti owó iṣẹ́. Iredélé ní tó bá di aago méjì, Ìdànrè làwọn ń lọ, àwọn ò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lánàá, igi mẹ́fà péré ni mo wò, ogójì èso ló ti dúdú lórí wọn. Èyí tí báǹkì ń dá padà fún ọ lórí epo yẹn náà, á ti tó nǹkan báyìí. Fi kún un. Ẹ̀rọ ìfínko wọn ń mu epo."

"Mo gbọ́."

Ó fi fóònù sínú àpò. Iṣu ti ń hó lórí iná. Kò jẹ nínú rẹ̀ kó tó jáde.

Ní àgbàlá, Màmá Kìtán tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ń sá aṣọ. Ó wo ọkọ̀ tí kò tíì kúrò, ó wo oòrùn.

"Tíṣà, ẹ pẹ́ lónìí. Àbí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi?"

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ yà sí báǹkì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi gba ìwé káàdì yẹn bọ̀. Bàbá Kìtán ní irọ́ ni, pé kò sí báǹkì tó ń fún ènìyàn lówó nítorí pé ó ra epo. Mo ní, tíṣà ń gbà á lójú wa níbí."

"Ẹ má gba ìwé kankan, Màmá Kìtán."

Màmá Kìtán rọra fi ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ kọ́ okùn. "Ẹ̀yin ti gba tiyín tán. Àwa tí ò kàwé ni kò gbọ́dọ̀ gbà."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ." Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún aṣọ mìíràn.

Ní ilé ìfowópamọ́ ní Alágbàká, ó dúró lórí ìlà fún wákàtí kan kó tó kàn án. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá a lóhùn, ọmọ tó mọ̀wàáhù, tó dìde kí i, tó sì gbé àga sún mọ́ ọn. Ó tẹ nọ́ńbà káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Mọ́mì, díẹ̀díẹ̀ ni à ń gé e lóṣooṣù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti kọjá iye tí wọ́n fún yín láyè láti ná. Ìdí tí ẹ̀rọ fi yọ ọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ènìyàn ló yọ ọ́."

"Epo nìkan ni mo ń fi káàdì yẹn rà. Epo ọkọ̀ mi tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ máa dá owó padà lórí epo."

Ọmọ náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Ẹ wò ó. Èyí kì í ṣe owó epo. Yíyọ owó ni. Èyí náà, yíyọ owó. Èyí náà."

Olúyẹ́misí tẹ̀ síwájú. Ìlà náà gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lórí gbogbo rẹ̀.

"Ilé epo ni mo ti lò ó. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fa epo gan-an."

"Ta ló gba káàdì lọ́wọ́ yín níbẹ̀?"

Ní ilé epo tí Olúyẹ́misí ti ń ra epo, bíi ti gbogbo ilé epo tó mọ̀ ní Àkúrẹ́, owó ni wọ́n ń gbà nídìí ẹ̀rọ epo. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́ yóò lọ bá obìnrin oníPOS tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Obìnrin náà yóò fi káàdì yọ owó, yóò kà á fún un, òun yóò sì gbé e fún ẹni tó ń fa epo. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà dé ìdí ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́jọ ni Olúyẹ́misí fi ń rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin náà, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀kan pé ohun méjì ni òun ń ṣe.

"OníPOS," ó ní.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ẹ dúró sí kọ́ ni ẹ̀rọ wa ń wò. Ẹni tó ni ẹ̀rọ tí káàdì wọ̀ ló ń wò. Tí ẹ bá yọ owó lórí káàdì àwìn, ọjọ́ yẹn gan-an ni èlé bẹ̀rẹ̀, a sì ń gba owó iṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wà ní ojú ewé kẹrin ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. A sì ń fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín lóṣooṣù."

"Mi kì í ṣí ímeèlì."

Ọmọ náà yí ojú kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Èló ni mo ti gbà padà láti oṣù kọkànlá?"

Ó wò ó. "Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé àádọ́ta náírà. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fi káàdì sínú ẹ̀rọ ilé epo gan-an. Oǹdó ni, nínú oṣù kejì."

"Èló ló kù tí mo jẹ?"

"Igba ẹgbẹ̀rún ó lé díẹ̀."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dá ìdajì owó oṣù náà padà, kí wọ́n wá gé e lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ náà ní òun kò ní agbára bẹ́ẹ̀, pé Èkó ni ẹ̀rọ náà wà. Olúyẹ́misí mú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dìde.

"Jọ̀ọ́, ilé epo wo ló ń gba káàdì ní Àkúrẹ́ yìí?"

Ọmọ náà ronú sí i ní tòótọ́. "Èmi náà, owó ni mo fi ń ra epo sí ọ̀kadà mi," ó ní.

Nínú ọkọ̀, ó pe akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ wọn. Akápò ní wọ́n ti pín gbogbo owó tó wà nílẹ̀ fún àwọn tó tọrọ ẹ̀yáwó ìsinmi, ó sì béèrè ìdí tí kò fi kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń kọ ọ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Ọ̀wọ̀. Fóònù dún títí, kò gbé e.

Ọkọ̀ kò ní epo tó lè dé Bọ́lọ́rundúró. Ó yà sí ilé epo rẹ̀. Sherifat tó ń ṣe POS wà níbẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín nínú ewé.

"Àǹtí tíṣà, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náà ni?" Ó ti na ọwọ́ fún káàdì.

"Sherifat, kí ni o máa ń kọ sínú ẹ̀rọ yẹn tí mo bá fún ọ ní káàdì?"

"Kọ bí i ti báwo?"

"Báǹkì ní n kò ra epo rí níbí. Wọ́n ní owó ni mo ń yọ."

Sherifat gbé mọ́ínmọ́ín sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé, Sherifat, bá mi yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Mo ń yọ ọ́. Mo ń kà á sí yín lọ́wọ́. Ìgbà wo ni mo ta epo fún yín?"

"Mo rò pé ọ̀kan náà ni ìwọ àti ilé epo."

"Èmi? Mo ń san owó ààyè fún máníjà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Tí mi ò bá san án, wọ́n á lé mi kúrò níbí."

Ọkùnrin tó ń fa epo ti ń tẹ́tí sí wọn. "Sherifat, tíṣà fẹ́ kí o máa ta epo báyìí. Wá gba iṣẹ́ mi."

"Fọwọ́ mú ọpá epo ẹ, kò kàn ọ́." Sherifat tún kọjú sí Olúyẹ́misí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọgọ́rùn-ún tí mo ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo ń sọ ọ́ fún yín kí n tó gbà á. Kò sí òmíràn lọ́wọ́ mi."

Olúyẹ́misí mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ní kí ó fi káàdì owó oṣù yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún òun. Sherifat kò gba ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀.

Ó dé Bọ́lọ́rundúró nígbà tí aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ó fi ọkọ̀ sí etí títì, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ oko nínú ẹrẹ̀. Àwọn afínko mẹ́rin jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń sá kòkó sí, wọ́n ń mu gaàrí. Àwọn ẹ̀rọ ìfínko wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dúrótoyè dìde nígbà tó rí i. Ó yẹ kí ó wà ní ilé ìwé. Ó yẹ kí ó fi owó náà ránṣẹ́ lórí fóònù. Pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ti sọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ fún un.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù?"

Ó sọ ọ́ fún un. Kò bu ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Dúrótoyè gbọ́ ọ tán.

"O kò sọ fún mi pé àwìn ni."

"Mo ní káàdì ni."

"O ní wọ́n ń dá owó padà."

"Wọ́n ń dá a padà."

"Èló?"

Ó dárúkọ ẹgbẹ̀rún méjì ó lé àádọ́ta. Iredélé tó ń gbọ́ wọn wo inú ife gaàrí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, Iredélé fi ìgúnpá kọ lù ú.

"Oṣù mẹ́jọ," Dúrótoyè ní. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn ní ìpàdé àgbẹ̀ pé ìyàwó mi gbọ́n, pé báǹkì ló ń bá a ra epo."

"Oṣù mẹ́jọ náà lẹ fi ń wọ ọkọ̀ yẹn wá síbí ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀yin lẹ fi kó òògùn, ẹ fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé níbo lowó epo ti ń wá."

"Ṣé èmi ni kí n máa ka ìwé fún tíṣà?"

Dúrótoyè fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. Ó mú àdá, ó lọ sídìí igi tó sún mọ́ wọn, ó já èso kan tí ìdajì rẹ̀ ti dúdú, ó là á. Ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì jù ú sínú koríko. Òjò tún ti ń ṣú.

"Bàbá Ìní," Iredélé ní, "ẹ má bínú pé mo dá sí i. Bó bá jẹ́ pé owó náà kò sí, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àwọn ará Ìdànrè ń pè mí."

"Ẹ dúró de aago méjì. Aago méjì la jọ sọ." Ó nu àdá mọ́ koríko. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ bá Akíntóyè."

Olúyẹ́misí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Akíntóyè ń ra kòkó ní ìlú Oǹdó. A máa fún àgbẹ̀ lówó kí kòkó tó pọ́n, Dúrótoyè kò sì gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Kò sí ẹlòmíràn?" ó béèrè.

"Ìwọ lo mọ ẹni tó ń fún ènìyàn lówó. Dárúkọ rẹ̀."

Ọkọ̀ Olúyẹ́misí ni wọ́n wọ̀ lọ sí Oǹdó. Akíntóyè wà ní ilé ìtajà rẹ̀, ó jókòó sáàárín àpò kòkó ọdún tó kọjá, bàbá arúgbó tó wọ bùbá funfun. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi fún ìyàwó. Ó gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́, kò sì béèrè ìdí rẹ̀.

"Mo máa fún yín lówó náà báyìí. Gbogbo kòkó oko náà lọ́dún yìí di tèmi. Ìdajì iye tí wọ́n ń rà á lónìí ni mo máa rà á. Mo máa yọ owó mi kúrò níbẹ̀, mo máa san ìyókù fún yín nínú oṣù kejìlá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba àpò kan péré," Dúrótoyè ní. "Àpò kan ju owó yìí lọ."

"Èmi kì í ra àpò kan lórí igi. Oko ni mo ń rà."

"Ẹ wá san ìyókù nínú oṣù kẹwàá. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ wọ yunifásítì. Bí a kò bá san owó rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀."

"Inú oṣù kejìlá ni wọ́n ń sanwó fún èmi náà." Akíntóyè ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan. "Ọmọbìnrin ni, ó ṣì kéré. Yunifásítì ò ní kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ò ní dúró de ẹnikẹ́ni nínú òjò yìí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Dúrótoyè wo ìyàwó rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń dúró de èsì lóòótọ́. Olúyẹ́misí gba ìwé náà lọ́wọ́ Akíntóyè. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ohun tó pamọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí bàbá náà sọ ló wà níbẹ̀, bó ṣe sọ ọ́.

"Ṣé ẹ kà á tán, ìyàwó?"

"Mo kà á tán, sà."

Dúrótoyè fọwọ́ sí i. Olúyẹ́misí fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Akíntóyè fi ẹgbẹ̀rún àádóje ránṣẹ́ sí Iredélé lórí fóònù, ó sì mú kí Iredélé jẹ́wọ́ pé ó ti wọlé. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni.

Àwọn afínko ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́fà. Nígbà tí Olúyẹ́misí padà dé Àkúrẹ́, Ìníolúwa ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè é, iṣu òwúrọ̀ ni, ó ti gún un.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n ti fín in?"

"Wọ́n ti fín in."

"Ọpẹ́ o," Ìníolúwa ní. Ó jókòó tì í. "Kí ni Dádì sọ?"

Olúyẹ́misí bu òkèlè àkọ́kọ́, ó sì fi í sílẹ̀ sínú àwo. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi oṣù kejìlá parí rẹ̀. Ìníolúwa kò sunkún. Ó béèrè bóyá yunifásítì lè dúró. Ìyá rẹ̀ ní kò lè dúró. Ó béèrè bóyá owó oṣù tó kù lè tó o. Ìyá rẹ̀ ní gbèsè káàdì ṣì kù, báǹkì yóò sì máa gé e títí ọdún yóò fi parí. Ọmọ náà gbé àwo tirẹ̀, ó wọ inú yàrá lọ.

Kòkó oko náà so dáadáa lọ́dún náà, Akíntóyè sì kó gbogbo rẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá, yunifásítì fún ẹlòmíràn ní ipò Ìníolúwa.